Ìwé Tí Wọ́n Sun: Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rí Òkú?

Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí wá ni a ó pe ẹni tí ó ju ẹ̀rí ẹnìkan sínú iná kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ? Ìtàn Lord Byron, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú wa bi ara wa ní ìbéèrè yìí.

Ní 1816, òun àti aya rẹ̀ pínyà lẹ́yìn ọdún kan péré. Àhesọ gba ìlú kan. Byron kúrò nílé, kò sì padà láàyè mọ́. Ní Ítálì, ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó sì fi lé Thomas Moore ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1819. Ó kú ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, 1824. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti aṣojú ẹbí péjọ sí ilé John Murray, òǹtẹ̀wé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Moore jiyàn, wọn kò gbọ́. Wọ́n sun ìwé náà. Hobhouse, tí ó rin kinkin mọ́ ọn pé kí wọ́n sun ún, kò tilẹ̀ kà á rí.

A kò sọ pé wọn kò nídìí. Aya rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ada ọmọ wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Bíbo àṣírí ẹbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú tiwa náà. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ iná náà bò ó? Ní 1868, Teresa Guiccioli, olólùfẹ́ rẹ̀ ní Ítálì, gbèjà rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní èdè Faransé. Ní 1870, Harriet Beecher Stowe ará Amẹ́ríkà gbèjà aya rẹ̀, ó sì fẹ̀sùn kàn án pé ó bá Augusta ọbàkan rẹ̀ lò pọ̀. Gbogbo ènìyàn ló rojọ́, àfi ẹni tí ó ni ẹjọ́.

Ìwé Byron ìbá má jẹ́ òtítọ́ látòkèdélẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ti ní kí aya rẹ̀ kà á, kí ó sàmì sí ibi tí irọ́ bá wà. Aya náà kọ̀.

Lójú tiwa, ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìparun. Ẹni tí ó bá ìwé nínú àpótí òkú lè dì í, kí ó tì í pa, títí àwọn tí yóò ta lára yóò fi lọ. Ohun tí a pa mọ́ ṣeé ṣí lọ́la. Eérú kò ṣeé kà. Nígbà tí a bá sun ẹ̀rí òkú, a sọ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.