Ẹ̀rù, Àpáta àti Oníṣègùn Ọkàn

Bí a bá sọ fún àwọn baba wa pé ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wọ igbó kìjikìji, tí ń sùn sí ẹ̀bá òkè, ni ó padà di ẹni tí ń wo ọmọ aráyé sàn, ọ̀rọ̀ náà kò ní í yà wọ́n lẹ́nu, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ọdẹ ni a máa ń lọ bi léèrè ewé àti egbò. Ohun tí ó ń rú mi lójú, tí mo sì fẹ́ kí á jọ fara balẹ̀ wò, ni ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí nínú ewu tí ó fi lè wúlò fún ẹni tí kò jáde nínú iyàrá rí, tí ó jẹ́ pé ọkàn ara rẹ̀ gan-an ni igbó tí ó ti ṣìnà.

Viktor Frankl ni ó gbé ìbéèrè yìí kà mí láyà. Júù ni, ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́síríà ni a bí i sí ní 1905, dókítà ọpọlọ àti ọkàn sì ni. Ṣùgbọ́n àpáta ni ààyò rẹ̀, ó sì ń gun òkè títí ó fi pé ẹni 80 ọdún. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí ó gbé e dé ìdí òkè gígun, kò pe ara rẹ̀ ní akin: ó ní ẹ̀rù ni. Òkè ń bà á lẹ́rù, ó sì bi ara rẹ̀ bóyá ó di dandan kí ènìyàn gba gbogbo ohun tí ara rẹ̀ bá pa láṣẹ.

Ẹ wo ẹni tí ó so okùn mọ́ ìbàdí, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ etí òkúta tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń tálẹ̀ kiri ojú àpáta láti wá ibi tí yóò dì mú, tí orúnkún rẹ̀ sì ń gbọ̀n rìrì. Ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀, kò sì dúró dìgbà tí yóò kúrò. Ẹsẹ̀ ni ó sún, ó sì tún un sún. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé orí ni olórí ẹ̀dá, síbẹ̀ wọn kò fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àyànmọ́, nítorí ohun tí orí yàn, ẹsẹ̀ ni yóò rìn ín. Nítorí náà ni èmi kò fi gbà pẹ̀lú ẹni tí ó bá wí pé bí a ṣe dá òun nìyẹn, ojo ni òun, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Ohun tí Frankl bá lórí òkè ni ó gbé wọ iyàrá ìtọ́jú. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá bá a tí òógùn jẹ́ àjàgà fún: bí ó bá ti ronú pé òun yóò làágùn níwájú ènìyàn, kíá ni òógùn yóò ti bò ó, ọdún mẹ́rin ni ó sì ti ń bá a bọ̀. Frankl kò rọ̀ ọ́ pé kí ó má bẹ̀rù. Ó ní bí ó bá tún pàdé ẹni tí ń mú ìpayà náà wá, kí ó pinnu láti fi han onítọ̀hún bí òun ṣe lè làágùn tó, kí ó máa wí nínú ara rẹ̀ pé kékeré ni ti tẹ́lẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá ni ti òní. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdè náà já. Ẹni tí ó yí padà kọjú sí ohun tí ń lé e ti gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ èyí di ohun tí a fi ń bá aláìsàn wí. Ẹ̀rù kan wà tí ó ju òógùn lọ. Ní 1941, nígbà tí ìjọba Hitler ti ń kó àwọn Júù lọ, físà Amẹ́ríkà tẹ Frankl lọ́wọ́, kò sì mọ̀ bóyá kí òun lọ ni tàbí kí òun dúró ti àwọn òbí òun tí ó ti darúgbó. Ó wọlé, ó rí èékù òkúta mábù kan lórí tábìlì. Baba rẹ̀ ni ó ṣà á nínú àwókù sínágọ́gù tí wọ́n wó; lẹ́tà Hébérù kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ òfin tí ó ní kí á bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Frankl jẹ́ kí físà náà kú.

Mo ti ro ìpinnu yìí títí, n kò sì lè pè é ní èrè. Wọ́n ṣì kó gbogbo wọn lọ sí àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni. Ìyá rẹ̀ kú ní Auschwitz, ìyàwó rẹ̀ kú ní Bergen-Belsen. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba ń jà fún èémí ní Theresienstadt, ọmọ rẹ̀ tí í ṣe dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí ó dẹ ìrora rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé ohun kékeré ni, kì í ṣe èmi. Frankl fúnra rẹ̀ kò sọ ìyà di òrìṣà: ó ní ìyà tí a bá lè mú kúrò, kí á mú un kúrò, ó sì kọ ọ́ pé àwọn tí ó dára jù lọ nínú àwọn kò padà bọ̀.

Òun padà sí Vienna ní 1945. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tí àwọn akọ̀wé sì ń kọ ọ́, nínú iyàrá tí páálí dípò gíláàsì lójú fèrèsé rẹ̀. Kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde. 119104, nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, ni ó fẹ́ kí wọ́n fi dípò orúkọ òun lára ìwé náà. Ní 1946, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí orúkọ rẹ̀ lára èèpo rẹ̀. Òun sì tún so okùn mọ́ ìbàdí, ó padà sórí òkè Rax, níbi tí ọ̀nà kan wà lára àpáta tí àwọn tí ń gun òkè fi orúkọ rẹ̀ pè.