Ọlọ́run Yọ Mí Nínú Wàhálà recv

Ohun tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ti ṣẹ́gun rẹ̀.

Prógíráàmù kan tí wọ́n fi èdè C kọ ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. WebSocket ló fi ń gba ọjà tí àwọn oníbàárà bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ohun tí wọ́n béèrè bá kéré, á wọlé geere. Bó bá ti pọ̀, á di jágbajàgba tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Bí oníbàárà bá fi méjì ránṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn kíákíá, èkejì á pòórá. Ọ̀gá ń pariwo, oorun dá lójú mi. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà.

Olúwa wá rán ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ́nu iṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, TCP tí WebSocket ń gbà kọjá kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí. Báìtì ló ń dà wọlé bí omi ẹ̀rọ. Ohun tí recv, àṣẹ tó ń gba báìtì wọlé nínú C, bá rí ló máa bù fún ọ: ó lè jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan àtààbọ̀. Ìwọ ni kí o kó o jọ, kí o sì máa kà á." Wọ́n ní kí n lọ ka RFC 6455, ìwé òfin WebSocket tí Ian Fette àti Alexey Melnikov kọ lọ́dún 2011.

Ìwé náà là mí lójú! Mo ní kí kọ̀ǹpútà tẹ báìtì tó ń wọlé síta, mo rí 81 FE 00 C8. 81 ń sọ pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni, ó sì pé sínú ẹyọ fírémù kan. Bíìtì àkọ́kọ́ nínú FE ń sọ pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ bo ọ̀rọ̀ náà, méje tó kù ń pe 126. Ẹ gbọ́ o: 126 yẹn kì í ṣe gígùn ọ̀rọ̀! Ó ń ní kí á wo báìtì méjì tó tẹ̀lé e, 00 C8, ìyẹn 200. Ká ní 127 ni, mẹ́jọ ni à bá wò. Lẹ́yìn wọn ni báìtì mẹ́rin kọ́kọ́rọ́, tí a ó fi ṣe XOR. Prógíráàmù yẹn ń ka 126 bí ẹni pé gígùn gan-an ni. Ibẹ̀ ni ọ̀tá fara pamọ́ sí.

Ní báyìí, ohun gbogbo tí recv bá bù ń lọ sínú bọ́fà. N kò fọwọ́ kàn án títí gbogbo báìtì 208 fírémù yẹn (2 + 2 + 4 + 200) á fi pé; mo yọ wọ́n, èyí tó kù di ti fírémù tó ń bọ̀. Ọjà ńlá ń wọlé láìpàdánù lẹ́tà kan. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ ìwé òfin yẹn tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á.