Ìmúrasílẹ̀ fún Úmúrà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa, tí ó sì la ọ̀nà sínú rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ẹni tí Ọlọ́hun bá pè sí Mọ́kà kò nílò ìpalẹ̀mọ́ kankan. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé Ànábì, àwọn ará Yemen kan máa ń lọ sí Hájì láìmú oúnjẹ dání. Wọ́n ní Ọlọ́hun ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá dé Mọ́kà, wọ́n á máa ṣagbe. Nítorí ìwà yìí ni Súrà Al-Bákárà, áyà 197, ṣe kọ́ wa pé kí á mú ìpèsè ọ̀nà dání, àti pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ìpèsè tí ó dára jù. Méjèèjì ni a ó mú; ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Nítorí náà, ọmọ Ìfira, Ìsùà, Ọ̀kà tàbí Ìkàré tí ó bá ń lọ ṣe Úmúrà, kí ó gbé nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò.

Èkíní, gbèsè. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí o jẹ lówó ní ọjà Ìkàré, san án, tàbí kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ànábì fi Mọ́kà sílẹ̀ lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, ó fi Alíyù sẹ́yìn kí ó dá ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ padà fún wọn.

Èkejì, ìwé àti ìlera. Kí pásípọ́ọ̀tù rẹ ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ nílẹ̀. Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yírùnyírùn, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí o tó dé ọ̀hún. Kí oògùn tí dókítà kọ fún ọ wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Ẹ̀kẹta, ẹrù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kano bá ìyá rẹ̀ lọ ṣe Úmúrà. Àwọn oníṣẹ́ ibi ti fi orúkọ rẹ̀ sára báàgì kan tí tramadol wà nínú rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Báàgì náà kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n mú un ní Saudi, níbi tí ẹni tí ó kó oògùn olóró wọlé ti lè fi orí rẹ̀ dí i. Ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, nígbà tí ó hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò gba ẹrù ẹnikẹ́ni, kí ni ẹni tí ó ń bá aládùúgbò gbé ẹrù dídì yóò wí? Di ẹrù rẹ fúnra rẹ. Ka iye báàgì rẹ, kí o sì tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fún ọ lórí rẹ̀. Obì pàápàá, tí a fi ń ṣe àlejò nílé, wọn kò gbà á wọlé níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìjọsìn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe di aṣọ híráámù mọ́ ẹrù tí wọn yóò kó sábẹ́ bàálù. Bí bàálù bá ń lọ sí Jeddah tààrà, òfúrufú ni ẹ ó ti kọjá Míkáátì, ààlà tí Ànábì là sílẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kò ní rí i wọ̀. Ẹ̀yin obìnrin, aṣọ yín tí ó bo ara náà tó. Ẹ kò ní lo nìkọ́ọ̀bù àti ìbọ̀wọ́ nínú híráámù. Kí gbogbo wa kọ́ bí a ti ń gé ìrun onírákà mẹ́rin sí méjì lójú ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún, ìpadàbọ̀. Àdéhùn ni físà. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Máídà sì pàṣẹ kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Ẹni tí ó fi Úmúrà bojú kí ó lè sá pamọ́ síbẹ̀ wáṣẹ́, irọ́ ni ó gbé lọ sí ilé Ọlọ́hun. Owó ìtanràn, àtìmọ́lé àti ìlélọ ni ó ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ànábì kọ́ wa pé kí arìnrìn-àjò tí ó bá ti parí ohun tí ó bá lọ yára padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun pè wá síbẹ̀ pẹ̀lú owó halálì, kí ó gba iṣẹ́ wa, kí ó sì dá wa padà sílé láyọ̀. Àmín.