Ìjánu Inú Ògóóró Ẹ̀yìn

Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ẹni tó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ara ẹṣin ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí ó jinlẹ̀ létí àwa ará Òkun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà fi kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, kí ogun Royal Niger Company tó lé wọn kúrò ní Kàbà ní 1897. A mọ ohun tí agbára aláìníjàánu ń ṣe. Ǹjẹ́ ohun tó ń dá agbára dúró ń dín in kù ni, tàbí òun gan-an ló ń sọ ọ́ di ohun tó wúlò?

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa fúnra rẹ̀ léèrè. Bí a bá ń gún iyán, tí iṣan tó ń ká apá bá ń fà, èyí tó ń na apá gbọ́dọ̀ dẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ odó kò ní í gbéra nílẹ̀. Charles Sherrington, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1932, fi hàn pé dídẹ̀ yẹn kì í ṣe ìsinmi lásán: àṣẹ ni, láti inú ògóóró ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n mú ẹlòmíràn dákẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìrora. Bí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ, ìyá rẹ̀ a fọwọ́ ra ibẹ̀, ara a sì tù ú díẹ̀. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé pé irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ ń jí àwọn aṣọ́nà inú ògóóró ẹ̀yìn, tí wọn a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrora lápá kan.

Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ló fi hàn wá bí ó ti ń rí nígbà tí ìjánu bá já. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ojú ọgbẹ́ àdá ló ń gbà wọlé, tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun tí a fi abẹ ẹlẹ́gbin gé. Bí oró rẹ̀ bá dé ògóóró ẹ̀yìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì adánidúró ló ń pa lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a dì, ẹ̀yìn a tẹ̀ bí ọrun, ariwo kékeré a sì mú gbogbo ara gbọ̀n. Gbogbo iṣan ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, síbẹ̀ aláìsàn kò lè gbé omi mì. Òmìnira iṣan kọ̀ọ̀kan ti di ìgbèkùn gbogbo ara.

Ẹnìkan lè wí pé ìwàásù àgbà tó fẹ́ pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ nìyí. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn Tápà pẹ̀lú dá àwọn baba wa dúró, èrè rẹ̀ kò sì kàn wá. Ṣùgbọ́n ìdádúró inú ara yàtọ̀. Nítorí iṣẹ́ gbogbo apá ni a ṣe mú iṣan kan dákẹ́. Bí ó bá sì yí, èyí tó ń fà tẹ́lẹ̀ yóò dẹ̀ fún un. Ìdádúró tí kì í yí, tó ń pa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Mo rò pé àwọn baba wa mọ èyí, nítorí Ọbáró nìkan kọ́ ni olóyè ńlá ní Kàbà. Ọbadọ́fin àti Ọbajẹ́mu wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, àgbà tó bá fẹ́ kí ọmọ kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ náà rí ẹni tó di ìjánu tirẹ̀ mú.