Ẹ̀yẹ Tí Ó Tọ́ sí Òkú Alátìlẹ́yìn

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan nínú yín pé ọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù ni a mú wá sí ojú ewé yìí lóṣù yìí. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ òkú. Ibi tí a bá sì ti ń ṣọ̀fọ̀, kò sí ọmọ ènìyàn tí ó lè wí pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò kan òun. Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ni ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju orúkọ àwọn baba ńlá tiwọn lọ. Wọn a máa pe ẹgbẹ́ kan ní "ẹgbẹ́ wa" bí ẹni pé inú agbo ilé rẹ̀ ni a gbé bí wọn. Bí wọ́n bá mọ bí a ti í bá ẹgbẹ́ yọ̀, ó yẹ kí a kọ́ wọn bí a ti í bá a ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè wa nìyí. Bí agbábọ́ọ̀lù olókìkí bá kú, a máa ń gbẹ́ ère rẹ̀, a sì máa ń sọ apá kan pápá ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí, tí ó kàn ń dúró nínú òjò àti òtútù láti pariwo orúkọ ẹgbẹ́, kí ni ẹgbẹ́ jẹ ẹ́ ní gbèsè nígbà tí ó bá kú?

Àwọn kan yóò dáhùn pé kò sí gbèsè kankan. Wọn yóò ní ó san owó, ó wo eré, ó sì lọ sí ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ọ̀rọ̀ ọjà àti oníbàárà ni ó rí, a gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba owó ní ọwọ́ oníbàárà, tí ó sì tún ń wí fún un pé, "Ìwọ ni ẹgbẹ́ yìí"? Agbábọ́ọ̀lù a máa wá, a sì máa lọ; olówó tí ó ni ẹgbẹ́ lónìí lè tà á lọ́la; ṣùgbọ́n alátìlẹ́yìn a máa fi ẹgbẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ogún. Àwa Yorùbá mọ ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá kú nínú ẹgbẹ́, àwọn ìyókù kì í béèrè bóyá olóyè ni tàbí mẹ̀kúnnù kí wọ́n tó dìde lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó mọ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ owó, tí kò sì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ ikú, kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, òkú kò mọ iye tí a ra aṣọ tí a fi sin ín. Èrè wo ni ó wà nínú ẹ̀yẹ tí ẹni tí a ṣe é fún kò rí? Àwa náà gbà pé òdòdó kò lè dùn mọ́ òkú nínú. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ó jẹ́ ti òkú síbẹ̀: orúkọ rẹ̀, òtítọ́ nípa bí ó ti kú, àti àwọn tí ó fi sílẹ̀ láyé. A lè jí ìwọ̀nyí mọ́ ọn lọ́wọ́, a sì lè dá wọn padà fún un. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀ yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, ẹgbẹ́ Liverpool àti Nottingham Forest pàdé ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield, nínú ìdíje fún ife-ẹ̀yẹ FA. Èrò pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà níta. Àwọn ọlọ́pàá ṣí géètì ńlá kan kí wọn lè wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò dí ọ̀nà tí ó lọ sí àárín gbùngbùn ibi ìdúró, èyí tí ó ti kún, tí a sì fi ọgbà irin ká mọ́. Àwọn tí ó wà níwájú kò rí ọ̀nà àbáyọ. Eré kò tíì ju ìṣẹ́jú 6 lọ tí a fi dá a dúró. Ènìyàn 97 ni ó kú nínú jàǹbá náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹni tí ó kẹ́yìn kú ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún 32 gbé pẹ̀lú ìpalára ọjọ́ náà.

Ìlú Liverpool kò fi ẹ̀yẹ du àwọn òkú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òdòdó bo koríko pápá Anfield. A so ìborùn mọ́ ìborùn láti Anfield títí dé pápá Everton, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ abánidíje wọn láti ayébáyé, tí ó fi hàn pé ní ọjọ́ ikú kò sí abánidíje. A kọ orúkọ àwọn òkú sára òkúta, a sì fi àwòrán iná méjì sí àmì ẹgbẹ́ náà. Ọdọọdún ni a ń péjọ láti rántí wọn.

Gbogbo èyí dára. Síbẹ̀ gbèsè tí ó tóbi jù kò tíì san. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó wà ní ìkáwọ́ pápá ti wí pé àwọn èrò ni ó fi ipá ṣí géètì náà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí a ṣí i. Ìwé ìròyìn ńlá kan sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn alátìlẹ́yìn jí ẹrù òkú. A ti pa wọ́n, a tún ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ìyá tí ó bá gbé òdòdó lọ sí ibojì ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọ̀mùtí ni ọmọ náà, òun ni ó pa ara rẹ̀. Kí ni òdòdó lè ṣe sí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti Hillsborough, ó ju ogún ọdún lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ìgbìmọ̀ kan gbé àwọn ìwé tí a ti fi pamọ́ síta, èyí tí James Jones, Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ti Liverpool nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé a ti yí gbólóhùn ẹ̀rí ọlọ́pàá 164 padà, àti pé bí ìrànlọ́wọ́ bá tètè dé, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn bí 41 nínú àwọn òkú náà yè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn aráàlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dájọ́ pé a pa àwọn òkú náà ní ọ̀nà tí ó lòdì sí òfin, àti pé ìwà àwọn alátìlẹ́yìn kò ní ọwọ́ nínú jàǹbá náà. Àwọn òbí ti di arúgbó, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ wòye pé láti ìgbà náà ni òkúta orúkọ tí ó wà ní Anfield ti ní ìtumọ̀ kíkún. Ẹ̀yẹ tí kò ní òtítọ́ nínú dà bí àgbádá tí a wọ̀ fún ẹni tí a ń purọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn ẹbí òkú ni ó pinnu pé ìsìn ìrántí ọdún náà ni yóò jẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn ní gbangba ní Anfield. Ẹgbẹ́ sì gbà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí: ẹni tí ó ni òkú ni ó ni ọ̀fọ̀. Kò tọ́ kí ẹgbẹ́ fi ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ènìyàn tiwa ni ikú náà ti wá ńkọ́? Ìbéèrè yìí le ju ti ìṣáájú lọ, Liverpool kan náà ni ó sì kàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1985, ní pápá Heysel ní ìlú Brussels, àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool kan ya lu àwọn òǹwòran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ògiri kan wó, ènìyàn 39 sì kú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ alátìlẹ́yìn Juventus, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí Juventus wá sí Anfield ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2005, àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool gbé páálí sókè láti kọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Ítálì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ìbádọ́rẹ̀ẹ́". Àwọn kan nínú àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn kẹ̀yìn sí wọn. Àwa kò rí àwọn tí ó kẹ̀yìn náà bá wí. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì kò ní àṣẹ láti yan èsì tí a ó fún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tọrọ rẹ̀, kí ó má sì dẹ́kun ìrántí. Ní ọdún 2010, a fi àmì ìrántí àwọn 39 náà sí Anfield. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dára. Ẹgbẹ́ tí ó ń rántí kìkì òkú tirẹ̀ kò ì tíì mọ ohun tí ìrántí jẹ́.

Nítorí náà ni a fi kórìíra orin ẹ̀gàn tí àwọn alátìlẹ́yìn kan ń fi òkú ẹgbẹ́ mìíràn kọ. Ní ọdún 2023, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbésẹ̀ láti máa jẹ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ níyà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa, àwọn ọ̀dọ́ a máa bú ara wọn lórí ìdíje. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ní ààlà, ibojì sì ni ààlà náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ alátìlẹ́yìn tí ó kú sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ìfaramọ́, ẹni tí kò sí jàǹbá tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn ẹgbẹ́ kan dá ọgbà ìrántí sílẹ̀ fún irú wọn. Àwọn mìíràn ń gba owó kí wọ́n tó kọ orúkọ òkú sára bíríkì ògiri wọn. A kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gba owó bíríkì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan ni ẹgbẹ́ yóò rántí baba rẹ̀. Lẹ́tà kan sí ilé ọ̀fọ̀, àti orúkọ tí a kà sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò náni ní nǹkan púpọ̀. Ó sì fi olówó àti tálákà sí ipò kan náà, gẹ́gẹ́ bí ikú fúnra rẹ̀ ti fi wọ́n sí.

Ẹ̀yẹ kan sì kù tí ó ju gbogbo wọn lọ: kí ohun tí ó pa ẹni yìí má ṣe pa ẹlòmíràn. Lẹ́yìn Hillsborough, a wó ọgbà irin kúrò níwájú àwọn òǹwòran ní àwọn pápá ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi ìjókòó rọ́pò ibi ìdúró. Nítòsí wa níhìn-ín, ní ìlú Accra, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín èrò níbi tí Hearts of Oak àti Asante Kotoko ti ń ṣeré. Àwọn èrò sá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá a ní títì, ènìyàn tí ó ju 120 lọ sì kú. Ère kan wà níwájú pápá náà lónìí, ti ọkùnrin kan tí ó gbé ẹnì kejì rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí Kéènì bi Ọlọ́run: ó ní olùtọ́jú arákùnrin òun ni òun. Ère dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù. Bí ó bá ṣí géètì ní àsìkò, ó ti ṣe ẹ̀yẹ fún àwọn tí ó ti kú ju ẹni tí ó gbé òdòdó wá lọ.