Ẹni Tí A Bí Ọmọ Fún

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn láti ara omi, tí ó sì fi ìbátan àti àna sí àárín wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún yín àti fún ara mi.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yìgì wọn ti tú wá bá mi. Mo ti yọ ohun tí a fi lè dá wọn mọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ wọn, tí kò tíì bàlágà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n mú ìwé kan lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ kí n fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìlà mẹ́ta ni: bàbá kò ní san owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé mọ́; ìyá kò ní bi í léèrè mọ́; bàbá kò sì ní pe ọmọ náà ní tirẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn méjèèjì ti gbà. Ìyá ní ó ti rẹ òun láti máa gun òkè Mapo lọ sí kóòtù nítorí owó tí kì í dé. Bàbá ní òun ti fẹ́ ìyàwó mìíràn.

N kò fi ọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ ni khutbah tòní.

Nínú Súratul-Baqarah, aayah 233, níbi tí Ọlọ́hun ti fi oúnjẹ àti aṣọ obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ṣe ọ̀ranyàn lé ọkùnrin lórí, kò lo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a mọ̀ fún bàbá. Ó pè é ní al-mawlūd lahu, ẹni tí a bí ọmọ fún. Èyí kò ṣòroó yé àwa ọmọ Yorùbá. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ ní Ọjà'ba náà nìyẹn: "Ó bímọ méjì fún Alhaji." Ẹni tí a bí ọmọ fún, òun ni ọmọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òun náà ni gbèsè oúnjẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Yìgì lè tú, nítorí pé àdéhùn ni. Bíbí kì í ṣe àdéhùn.

Ẹlòmíràn lè wí pé: ṣé ìyá kò ti yọ̀ǹda ni? Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni ó lè yọ̀ǹda. Oúnjẹ ọmọ, ẹ̀tọ́ ọmọ ni, ta ni ó sì bi ọmọ léèrè? Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ Máálíkì gbà kí obìnrin tí ń ra ara rẹ̀ kúrò nínú yìgì gba bùkátà ọmọ sí ọrùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, ọ̀dọ̀ bàbá ni ẹrù náà ń padà sí. Ọwọ́ obìnrin tí mo rí ti ṣófo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Nínú Risālah Ibn Abī Zayd, tí púpọ̀ nínú wa kà ní ilé-kéwú, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń wà lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀: ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Síbẹ̀ bàbá ni yóò máa bọ́ ọmọ tí kò ní dúkìá. Pé ọmọ kò sùn lábẹ́ òrùlé rẹ kò sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún ọ.

Èló ni? Nígbà tí Hind mú ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ Abū Sufyān wá, pé ó háwọ́, Ànábì kò dá iye kan fún un. Ó ní kí ó mú ohun tí ó tó òun àti ọmọ rẹ̀, ní ìwọ̀n tí àwùjọ mọ̀ sí ohun tí ó tọ́. Súratut-Talāq, aayah 7, sì wo àpò ọkùnrin: olówó yóò ná nínú ọrọ̀ rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há yóò ná nínú ìwọ̀nba tí Ọlọ́hun fún un. Ẹni tí ń wa Micra láti Bẹẹrẹ kò ní san iye tí oníṣòwò ńlá ń san. Ṣùgbọ́n yóò san.

Ìlà kẹta ni ó bà mí lẹ́rù jù. Zayd ọmọ Hārithah, Ànábì tọ́ ọ, ó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ọmọ Muhammad. Nígbà tí aayah 5 nínú Súratul-Ahzāb sọ̀kalẹ̀, a dá orúkọ Hārithah padà fún un. Ìfẹ́ Ànábì kò pa orúkọ bàbá rẹ́. Báwo ni ìwé ìlà mẹ́ta yóò ṣe pa á rẹ́? Ẹ̀yin ọkọ ìyá tí ẹ ń fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé, ẹ bọ́ ọ, láádá yín ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ìyá pẹ̀lú, ẹ má ta ojú ọmọ fún bàbá rẹ̀, pé bí owó kò bá dé kò ní rí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ létí ẹni tí ó ti ń dá owó ilé-ìwé san láti ọdún mẹ́ta. Bí bàbá bá ń ṣe ọmọ ní jàǹbá, adájọ́ lè ká a lọ́wọ́ kò. Owó oúnjẹ kò tìtorí ìyẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.

A kò ní kóòtù Ṣẹ̀ríà ti ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ Ṣẹ̀ríà tí àwọn Mùsùlùmí gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2002, àfi ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ rẹ̀ ń mú. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ sì lè dá iye owó lé bàbá. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wá ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ọkùnrin náà bá wà ní sáàfù lónìí, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó dúró dè mí lẹ́yìn ìrun. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé òun ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.