Ìbúra Ẹgbẹ́ àti Ẹ̀rí-Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ̀dá kò lè dá gbé. Bí ó ti ń ṣe ẹgbẹ́ nílé ni ó ń ṣe é lóko, lọ́jà àti ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ṣíṣe kò lẹ́bi. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbúra gbé ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́?

Ẹni tí ó bá ti Ọ̀rẹ̀ dé Agbabu, ní agbègbè Odígbó, yóò rí ọ̀dà tí ń sun láti inú ilẹ̀. Bí ara ilẹ̀ bá tutù, a dì. Bí oòrùn bá mú un, a rọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbúra òkùnkùn rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò burú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà èdè Gíríkì sọ wọ́n lórúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méje ni ó dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1906, kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́ láàárín àwọn tí kò kà wọ́n sí. Méje náà ni àwọn tí ó dá Pyrates Confraternity sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1952. Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn. Afẹfẹyẹ̀yẹ̀ àwọn tí ń fara wé òyìnbó àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n dojú kọ.

Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ń bá ẹgbẹ́ jà. Ní ọdún 1984, àwọn Pyrates kó ẹgbẹ́ wọn kúrò nínú ọgbà yunifásítì. Ní òru ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹgbẹ́ ni òun náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ìbò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi yàn án, gbangba ni ó sì ti ń jíṣẹ́ fún wọn.

Ẹnìkan lè wí pé awo kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ṣebí Ògbóni ń bẹ? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìlú ni ó ń ṣe Ògbóni, ìlú sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n wà fún. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń búra. Láyé àtijọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀, àwọn gan-an ni ó máa ń bi í léèrè. Ta ni í bi ẹgbẹ́ òkùnkùn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè?

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí òbí rẹ̀ ta kòkó kí ó tó wọ yunifásítì. Wọ́n ní kí ó búra ná, lẹ́yìn náà ni òun yóò gbọ́ ohun tí ó búra sí. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pa á láṣẹ pé kí ó ṣe ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ léṣe. Bí ó bá kọ̀, wọn yóò pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọn yóò sì rán an létí pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó dalẹ̀ ní tòótọ́: ẹni tí ó kọ̀ láti ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sórí ilẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó tà á? Bí a bá ṣe ìlérí ibi, àṣìṣe kan ni. Bí a bá mú un ṣẹ, ó di méjì. Ọmọlúàbí a máa pa àdéhùn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn tí ó lè sọ ibi di rere.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹgbẹ́ yóò tú ká, ìwé ẹ̀rí yóò gba ìlú kan lọ, ọ̀rẹ́ yóò gba ìlú mìíràn. Ìwà tí a hù ni yóò bá ni délé. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ẹgbẹ́, kí ó bèèrè bóyá a lè ka ìbúra ibẹ̀ sí etí òbí àti olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí ń mú ẹsẹ̀ ni a fi ń ṣe títì nígbà tí a bá tẹ́ ẹ síbi tí ó yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ẹgbẹ́: ojúmọmọ ni ó ti ń di ọ̀nà fún ọmọ ènìyàn.